Oúnjẹ Kẹ́hìndé Tí Mo Ń Bá A Jẹ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, ẹ máa rò pé ọmọ dáadáa ni mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún nǹkan bí oṣù méje, èmi Táyé ni mò ń jẹ oúnjẹ Kẹ́hìndé, ìkejì mi. Mi ò jí i jẹ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́, mo lá abọ́, mo tún bá a parọ́ fún ìyá wa pé òun ló jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Kẹ́hìndé gan-an ló ní kí n kọ ọ́, ó sì ní kí n má gbàgbé láti sọ bí mo ṣe sanra tó nígbà yẹn. Ó dáa, mo sanra! Ṣé ó ti tó?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ wá, ìbejì ni wá, èmi ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá nígbà tí Màámi kó wa wá sí Peckham, ní London. Ìwé wọ Kẹ́hìndé lórí, ó dé yunifásítì. Ní tèmi, ìwé ò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì fi dandan lé e. Fóònù ni mò ń tún ṣe. Mo ní tábìlì kan nínú ṣọ́ọ̀bù Alhaji kan ní Rye Lane. Iṣẹ́ care ni Màámi ń ṣe, ilé arúgbó kan sí òmíràn, Nunhead lónìí, Deptford lọ́la.

Nílé wa, Saturday lọjọ́ ẹ̀wà. Ẹni tó bá bí ìbejì mọ ohun tí mò ń sọ. Látìgbà tí wọ́n ti bí wa ni Màámi ti ń se ẹ̀wà fún wa, wọ́n á sì bù nínú ẹ̀ fún àwọn ọmọ aládùúgbò. Sàráà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tá a wà ní kékeré, èmi àti Kẹ́hìndé máa ń jà lórí ẹ̀wà yìí bí ẹni ń jà sí ogún. Ó ti fi ṣíbí ṣá mi níwájú orí rí. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé yìí kan náà ti abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ síwájú mi, tó ní kí n bá òun jẹ ẹ́, ṣé kò yẹ kí n bi í pé kí ló dé? Ṣé mo bi í? Mo ní kí Ọlọ́run bù sí i fún un, mo sì ti ṣíbí bọ̀ ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí Màámi bá ti wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ, abọ́ rẹ̀ á ti sún dé ọ̀dọ̀ mi. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á rí abọ́ méjì tó ti mọ́ nílẹ̀, inú wọn á dùn. Ọjọ́ Monday àti Thursday, Kẹ́hìndé á ní òun gba ààwẹ̀. Màámi ń fi yangàn láàárín àwọn ìyá ẹgbẹ́ asalátù, wọ́n á ní kí èmi tí mò ń ṣírò wákàtí nínú Ramadan wo ìkejì mi kí n fi kọ́gbọ́n. Ọjọ́ tí kò bá gba ààwẹ̀, ó ti jẹun ní school. Ta ló máa lọ béèrè ní school?

Òtútù ń mú un nínú oòrùn July. Súwẹ́tà méjì ló ń wọ̀ léra wọn. Irun rẹ̀ ń já. Tá a bá ń gun àtẹ̀gùn, á dúró, á ní òun fẹ́ ka message kan lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Mo ní ìwé ló ń kà jù.

Lọ́jọ́ kan ó yà sí ṣọ́ọ̀bù wá kí mi. Bó ṣe jáde, Alhaji wò ó títí, wọ́n wá wo ikùn mi. Wọ́n ní, "Táyé, ìwọ ń tóbi, ìkejì ẹ ń kéré. Ṣé inú ẹ lo ń kó o pamọ́ sí ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ti sọ òótọ́ fún mi lójú, mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Saturday kan, ní ọ̀sán, èmi àti Kẹ́hìndé ń ti ọjà bọ̀. Lift ilé wa tún ti bàjẹ́ (council ní àwọn ń bọ̀, ẹ kúkú mọ̀ wọ́n), floor kẹrin la sì ń gbé. Èmi ni mo gbé gbogbo ẹrù. Nígbà tá a dé floor kẹta, ó ní kí n dúró de òun. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn.

Mo ju ọjà sílẹ̀, mo gbé e. Ẹ gbọ́ mi o, mo ti gbé àpò ìrẹsì tó wúwo jù ú lọ gun àtẹ̀gùn yẹn. Ìgbà tí mo gbé e sọ́wọ́ ni mo tó mọ ohun tí mo ti ń jẹ láti oṣù méje.

Ní hospital, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà tó wá bá wa jẹ́ obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó bi Màámi pé láti ìgbà wo ni Kẹ́hìndé ò ti jẹun dáadáa. Màámi ní ó ń jẹun, pé àwọn ń rí abọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Èmi ń wo bàtà mi.

Dókítà ní àìsàn kan wà tó máa ń jẹ́ kí oúnjẹ di ohun ẹ̀rù fún èèyàn, anorexia ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe oríkunkun, kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan. Tí ara ò bá ti rí nǹkan jẹ, iṣan ara ló máa ń yí padà jẹ, bẹ́ẹ̀ iṣan ni ọkàn náà. Ó ní ọkàn Kẹ́hìndé ti fẹ́lẹ́, ó ń lù bí ẹni tó ń ronú kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó ní ó lè dúró nígbàkigbà.

Ẹ ṣáà bá mi wò ó. Èmi ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ara rẹ̀ ń jẹ ọkàn rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ward, wọ́n so ó mọ́ monitor, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Oúnjẹ tí wọ́n wá ń gbé fún un, ẹ ò ní gbà gbọ́. Búrẹ́dì tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mílíìkì tí wọ́n wọ̀n. Yoghurt tí ò lè yó ológbò. Dietitian kan, onímọ̀ nípa oúnjẹ, wà tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni, pé oúnjẹ púpọ̀ léwu fún un. Mo gbọ́ ọ. Kò kàn wọ̀ mí létí ni. Ṣé ẹni tí ebi fẹ́ pa lẹ tún ń fi ebi pa? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Màámi ní ká ṣe bí wọ́n ṣe wí. Wọn ò ní ẹrù lọ́rùn bíi tèmi. Èmi mọ ohun tí mo jẹ, mo sì fẹ́ dá a padà.

Sunday, nígbà tí Màámi lọ síbi iṣẹ́, mo se ẹ̀wà fúnra mi. Mo da epo pupa sí i, mo dín dòdò, mo rọ gbogbo rẹ̀ sínú flask. Mo fi malt méjì kún un. Báàgì iṣẹ́ ni mo kó wọn sí, mo wá da ṣájà àti wáyà bò wọ́n lórí. Ẹ wo ọgbọ́n!

Mo fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì ká. Kẹ́hìndé wo flask yẹn bí ẹni tó rí ejò. Ó ní òun ò lè jẹ ẹ́, pé wọ́n ní kí òun má jẹ ohun tí wọn ò gbé wá. Mo ní, "Kẹ́hìndé, nítorí tèmi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Òun náà sunkún. Ó jẹ ẹ́, pẹ̀lú omijé, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, torí kí n lè dákẹ́. Ó mu malt náà tán. Mo jáde ní ward yẹn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ní Monday mo tún padà lọ, a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi flask sínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní màá gbé e tí mo bá padà dé.

Tuesday tí mo dé, èrò ti pọ̀ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ń mí bí ẹni tó sáré. Monitor ń ké. Ọkàn tó ń rìn jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń sáré, á fò, á dúró díẹ̀, á tún sáré. Dókítà ní èròjà kan tó ń jẹ́ phosphate ti lọ sílẹ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, potassium náà ti lọ sílẹ̀, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí ẹni tí ebi ti gbẹ bá jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ò yé e ni pé wọ́n ń wọn oúnjẹ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ti jẹ nǹkan mìíràn.

Mo ní rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn ìkejì mi ń dàrú níwájú mi, mo sì ní rárá.

Obìnrin kan wà ní ward yẹn, àgbàlagbà, ẹnu wọn ti fi hàn pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n wà lára àwọn tó ń wẹ aláìsàn, tó ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti Kẹ́hìndé ń pè wọ́n ní Mummy Ìjẹ̀bú. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú aṣọ, òórùn epo pupa sì kọlu gbogbo wa. Òyìnbó ò mọ ohun tó jẹ́. Mummy Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n. Wọ́n dì mí lápá, wọ́n mú mi lọ sí corridor.

"Ẹ̀wà ta ni?"

Mo nawọ́ kí n gba flask tí wọ́n mú dání.

"Ọmọ mi, lọ sọ fún dókítà nísinsìnyí. Tó ò bá sọ, èmi á sọ."

Mo ní kí wọ́n má dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkàn lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé. Mo ní ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ṣé wọ́n á wá fi wá sùn ni? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo la ẹnu mi.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń nu ìdí òyìnbó kiri, kí lẹ mọ̀ nípa ọkàn?"

Mi ò lè tún un kọ kó dára. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mummy Ìjẹ̀bú wò mí. Wọ́n yí padà, wọ́n rìn kíákíá lọ bá dókítà, flask lọ́wọ́ wọn.

Ká má parọ́, mo rò pé wọ́n máa pe ọlọ́pàá fún mi. Dókítà jáde wá, kò tiẹ̀ bínú. Ó ní kí n sọ fún òun bó ṣe pọ̀ tó, malt mélòó, aago mélòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, dé orí dòdò. Ó ní ó ti yé àwọn wàyí. Wọ́n fa omi phosphate sí Kẹ́hìndé lára, wọ́n fún un ní potassium àti fítámì, wọ́n dín oúnjẹ kù, wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé iwájú tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Èmi jókòó sí corridor.

Nígbà tí Mummy Ìjẹ̀bú parí shift wọn, wọ́n ti wọ kóòtù, mo rò pé wọ́n á kọjá lọ. Wọ́n jókòó tì mí. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní fóònù.

"Tí wọ́n bá gbé fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti oṣù mélòó kan wá fún ẹ, ṣájà alágbára lo máa kì bọ̀ ọ́?"

Mo ní rárá. Iná kékeré la máa ń fi jí i. Tí iná bá pọ̀ jù, bátìrì á gbóná, á wú, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

"O mọ̀ ọ́n, àbí?"

Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn oníbàárà mi! Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo aago, wọ́n ní bọ́ọ̀sì àwọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n lọ.

Màámi ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, báàjì ṣì wà láyà wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: oṣù méje, ẹ̀wà, irọ́ tí mo pa fún dókítà. Wọ́n ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ohun tí mo sọ fún Mummy Ìjẹ̀bú, wọ́n wo aṣọ ara wọn.

"Ìdí tí mò ń nù ni mo fi tọ́ ẹ, Táyé."

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní tí ilẹ̀ bá mọ́, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yẹn, gbọọrọ, nínú ward, níwájú gbogbo èèyàn.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ. Mo tiẹ̀ wọ ṣòkòtò tí kò ní fún mi níkùn. Mummy Ìjẹ̀bú ò sí níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní agency, ilé iṣẹ́ tó ń rán òṣìṣẹ́ káàkiri, ló rán wọn wá, pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà níbẹ̀ ti parí, wọ́n lè wà ní hospital mìíràn. Mo béèrè orúkọ wọn ní kíkún, nọ́ọ̀sì àgbà ní àwọn ò lè fún mi. Òfin ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ mi bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò bá onílé.

Ọkàn Kẹ́hìndé wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìlà orí monitor ti ń lọ geere. Lọ́jọ́ kẹrin ó lajú, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi. Mo sún mọ́ ọn, ẹ̀rù ń bà mí.

"Táyé, ẹ̀wà ẹ ò níyọ̀."

Màámi rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá. Èmi ni mo lọ sunkún ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Kò parí síbẹ̀ o. Ó lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn yìí gan-an. Wọ́n pe àwa náà jókòó, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe máa bá a jẹun láìjà, láìbẹ̀, láìsunkún. Àwọn ọjọ́ kan burú. Àwọn ọjọ́ kan ṣì ń burú. Ṣùgbọ́n ó ti padà sí school, ó ti ń gun àtẹ̀gùn dé floor kẹrin láìdúró ka message, torí lift náà ṣì bàjẹ́.

Nílé wa báyìí, ìwé kan wà lára fridge: ẹ̀ẹ̀mẹta oúnjẹ ńlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ìpanu. Òfin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Kẹ́hìndé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: ṣíbí Táyé kò gbọdọ̀ kọjá àárín tábìlì. Àlùfáà wa ní mọ́sálásí ti sọ fún un pé kò sí ààwẹ̀ fún un, pé kó máa jẹun kó sì gba ẹ̀san rẹ̀. Màámi náà ò fi ààwẹ̀ rẹ̀ yangàn mọ́. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà fún àwọn ìyá asalátù lójú gbogbo wọn, lẹ́yìn ìpàdé, ìyá méjì tẹ̀lé wọn jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa ọmọ tiwọn.

Èmi ń wá Mummy Ìjẹ̀bú kiri. Lóṣù tó kọjá, ní bus stop kan ní Lewisham, mo rí wọn látẹ̀yìn: kóòtù kan náà, ìrìn kan náà. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì, mo sáré bọ́ síwájú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ará Jàmáíkà ni ìyá náà. Wọ́n ní ṣé kọ́kọ́rọ́ mi ló bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a nílẹ̀! Bí mo ṣe ṣàlàyé tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó bá nírú nǹkan báyẹn lọ́kàn á rí ẹni tó ń wá. Ẹ bá mi ṣe àmín.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà sí oúnjẹ bá ṣàdédé ń gbé tiẹ̀ fún yín, ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́, ẹ bi í. Tí dókítà bá ní kékeré, kékeré ni. Ìfẹ́ tó wà nínú flask lè pa èèyàn. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe ní hospital, ẹ sọ ọ́ kíá, torí ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́ ni wọ́n nílò láti fi tọ́jú ẹni yín.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló máa dá yín lóhùn, ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ.

Tó bá jẹ́ pé ìyá yín ń ṣe iṣẹ́ agency ní àwọn hospital South London, tí wọ́n ti yọ flask ẹ̀wà kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù rí, tí ọmọkùnrin aláìmọ̀kan kan sì sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jíṣẹ́ fún wọn. Ẹ ní lọ́jọ́ Saturday tó kọjá, Kẹ́hìndé jẹ abọ́ ẹ̀wà kan tán, níyọ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Ẹ ní mo ṣì jẹ wọ́n ní ìdọ̀bálẹ̀ kan. Bó ti wù kó pẹ́ tó, wọ́n kàn ní láti sọ ibi tí màá wá nà gbalaja sí ni.